Ìjẹ́wọ́ Ẹni Tí Ara Rẹ̀ Kò Gbóná

Ìjẹ́wọ́ náà kò ju ojú ewé kan lọ. Kọ́púrà Enoch ló fi Gẹ̀ẹ́sì kọ ọ́. Ìtẹ̀ka arúgbó kan wà nísàlẹ̀ rẹ̀, ó wọ́ bàṣàbàṣà lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, bí ẹni pé ẹlòmíì ló di ọwọ́ onítọ̀hún mú tó fi tẹ̀ ẹ́.

Ìnsípẹ́kítọ̀ Ràhímù Oyèwọlé kà á lẹ́ẹ̀mejì lórí ìdúró. Kóòtù ní Asaba ló ti ń bọ̀, ọjọ́ mẹ́ta gbáko ló fi jẹ́rìí níbẹ̀, eruku ọ̀nà ṣì wà lára bàtà rẹ̀. Ohun tí ìwé náà sọ ni pé Bàbá Ọlágbénró, ẹni ọdún méjìlélọ́gọ́rin, apẹja ará Ìlàjẹ tó ń gbé ní Ubeji lẹ́bàá Warri, fi àjẹ̀ ọkọ̀ lu ọmọ bíbí inú rẹ̀, Olúgbémiga, lágbárí ní ìdájí ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Ó tì í sínú omi, ó sì ju àjẹ̀ náà sáàárín gbòǹgbò igi tó wà lẹ́yìn èbúté.

"We don see the paddle," ni Enoch wí. Inú rẹ̀ dùn. "Same place wey he talk. Blood dey am. Oga, this one don close."

"Gbémiga nko? Una don see am?"

"Them still dey find am for water."

Ràhímù tún wo ìwé náà. "Who write say papa talk all this one? You sabi Yoruba?"

Enoch rẹ́rìn-ín. Ọmọ Ughelli ni, níbi tí wọn kì í ti í sọ Yorùbá. "Me? Na him brother pikin interpret for us. Ọlámigòkè, Gòkè for short. Na him carry the papa come with kẹ̀kẹ́ this morning. E dey that bench."

Ọkùnrin tó jókòó sórí bẹ́ǹṣì náà yóò tó ẹni ọdún márùndínlógójì. Èjìká rẹ̀ fẹ̀, ojú rẹ̀ pọ́n bí ẹni tó sunkún, ọ̀rá omi mímu kan sì wà lọ́wọ́ rẹ̀ tó ní òun fẹ́ gbé fún Bàbá. Ó dìde kí Ràhímù pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Ó ní Bàbá Ọlágbénró ló tọ́ òun dàgbà láti ìgbà tí omi ti gbé bàbá tó bí òun lọ, pé òun àti Gbémiga jọ sùn lórí ẹní kan náà ni. Píjìn ló fi ń sọ gbogbo rẹ̀.

"Officer, when them go carry Baba go court?" ni ó béèrè.

"E fit be next week."

"You be Auchi man? Ràhímù wey them dey call you, e be like Auchi Muslim name."

Ràhímù kàn rẹ́rìn-ín músẹ́, kò sọ bẹ́ẹ̀ ni, kò sọ bẹ́ẹ̀ kọ́. Warri ni wọ́n bí i sí, àmọ́ Ìjẹ̀bú-Igbó ni bàbá rẹ̀ ti wá ṣòwò aṣọ, Ìjẹ̀bú tó dán gbinrin sì ni wọ́n ń sọ nínú ilé wọn. Kò mọ ìdí tí kò fi fẹ́ kí ọkùnrin yìí mọ̀ pé òun gbọ́ Yorùbá. Ohun kan ṣáà ń rìn ín lára. Enoch ní ó ti tó wákàtí kan tí Gòkè ti jókòó síbẹ̀, ẹ̀ẹ̀mẹta ló ti béèrè nípa kóòtù. Kò tíì béèrè lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo bóyá wọ́n ti rí Gbémiga.

"Siddon small," ni Ràhímù sọ fún un. "Paper still dey wey you go sign. Drop your phone for counter, na so we dey do."

*

Ilẹ̀ ni Bàbá Ọlágbénró jókòó sí nínú àtìmọ́lé, ó fẹ̀yìn ti ògiri. Ìka rẹ̀ kò dúró. Ó ń já nǹkan lára ẹ̀wù rẹ̀, ó ń já a, ó ń jù ú nù, bẹ́ẹ̀ ni kò sí nǹkan kan lára ẹ̀wù náà. Ṣòkòtò rẹ̀ tutù, òórùn ìtọ̀ sì gba inú yàrá náà.

"Ẹ kúulẹ̀ o, Bàbá."

Arúgbó náà la ojú. "Ẹ bá mi lé àwọn ọmọ yẹn kúrò lára ògiri. Wọ́n ò jẹ́ kí n rí orun sùn."

Ràhímù bojú wo ògiri. Kò sí ọmọ kankan níbẹ̀. Ó lóṣòó, ó gbé ẹ̀yìn ọwọ́ lé iwájú orí Bàbá. Ó tutù minijọ. Síbẹ̀ àyà rẹ̀ ń lọ sókè sódò bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sáré dé. Ràhímù wo aago ọwọ́ rẹ̀, ó ń ka èémí náà títí ìṣẹ́jú kan fi pé. Mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n. Ó ka tirẹ̀. Mẹ́rìndínlógún.

"Bàbá, wọ́n ní ẹ̀yin lẹ lu Gbémiga. Ṣé òótọ́ ni?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Aṣọ pupa ló wọ̀ lọ́jọ́ náà?"

"Pupa."

"Àbí búlúù ni?"

"Búlúù ni."

"Alùpùpù tí ẹ gbé sínú ọkọ̀ ńkọ́?"

"Ó ti rì."

Ràhímù gbé e yẹ̀ wò díẹ̀. "Èmi náà wà níbẹ̀, àbí?"

Bàbá tẹjú mọ́ ọn tìfura-tìfura. "O wà níbẹ̀. Ìwọ lo di okùn mú."

 Ní ìdájí ọjọ́ Ìṣẹ́gun, Asaba ni Ràhímù wà, nínú yàrá òtẹ́ẹ̀lì. Tó bá jẹ́ pé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe gba ìjẹ́wọ́ yìí, arúgbó yìí lè jẹ́wọ́ pé òun ló sun ilé ìfọpo tó wà ní Ekpan.

"Sọ fún Gbémiga," ni Bàbá tún wí, ohùn rẹ̀ yí padà, ó rọlẹ̀ bí ohùn ẹni tó wà nínú ilé ara rẹ̀, "sọ fún un pé kó má gbé ọkọ̀ jáde lónìí. Afẹ́fẹ́ yìí kò dáa." Kó tó sọ èyí tó kù, orun ti gbé e lọ.

*

Obìnrin tó jẹ́ ọ̀gá àgọ́ náà kò fẹ́ gbọ́.

"Ràhímù, the man na eighty-something. All of them dey talk anyhow. Na old age."

"Madam, if na old age scatter him head, how he take remember where paddle dey? And if him head correct reach to remember paddle, why he dey tell me say I dey inside the boat?"

Ọ̀gá náà ti fáìlì tó wà níwájú rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"The two no fit be true together," ni Ràhímù ń bá a lọ. "Somebody wey head clear know where that paddle dey. No be that papa."

"Fever dey him body?"

"No. Body cold."

"So wetin do am?"

"I no know. Na why I want doctor. Madam, see as he dey breathe. If he die for our hand before he reach court, who go answer?"

Ọ̀rọ̀ ìkẹyìn yìí ló wọlé. Ó fún un ní àyè títí di ọ̀sán ọjọ́ kejì, pẹ̀lú ọlọ́pàá kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn àti ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ lọ́wọ́ aláìsàn.

*

Ilé ìwòsàn kékeré kan wà ní Ugbolokposo tí Dókítà Ayọ̀dàmọ́lá dá sílẹ̀. Obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ ni, kì í pariwo, àmọ́ nígbà tó rí ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ yẹn, ojú tó fi wo ọlọ́pàá tó mú un dání mú kí ìyẹn tọwọ́ bọ àpò wá kọ́kọ́rọ́.

Ó fi ohun tí wọ́n fi ń wọn ìgbóná ara há Bàbá lábíyá. Kò gbóná rárá, ó tilẹ̀ tutù díẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Ó fi nǹkan pélébé kan há orí ìka rẹ̀, ó wo nọ́ńbà tó yọ lójú rẹ̀, ó fa ojú ro. Ó wá ki ohun ìgbọ́ àyà bọ etí, ó gbé e lé ẹ̀yìn Bàbá lápá ọ̀tún nísàlẹ̀, ó sì pẹ́ níbẹ̀.

"Ta ló sọ fún yín pé kò sí ibà lára rẹ̀?" ni ó béèrè.

"Gbogbo èèyàn."

"Òótọ́ ni wọ́n sọ. Òun ló tan gbogbo yín jẹ." Ó yọ ohun ìgbọ́ náà létí. "Òtútù àyà ni. Ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ kan ti kún. Tó bá jẹ́ èmi tàbí ẹ̀yin ni kòkòrò àrùn yìí wọ̀ lára, ara wa ì bá ti máa jó bí iná, a ó máa húkọ́, a ó máa gbọ̀n. Ara àgbàlagbà tó ti rẹ̀ lè má rí agbára tí yóò fi gbóná. Orí ni àìsàn náà máa ń lọ gbà sọ̀rọ̀. Ẹni tó mọ orúkọ gbogbo ọmọ ọmọ rẹ̀ lánàá á bẹ̀rẹ̀ sí í bá ògiri jà lónìí. Á ṣubú, á kọ oúnjẹ, á tọ̀ sára. Ilé á ní ọjọ́ ogbó ti dé."

"Báwo lèèyàn ṣe máa mọ̀ pé kì í ṣe ọjọ́ ogbó?"

"Ẹ béèrè ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀. Ìgbàgbé ọjọ́ ogbó kì í ní ọjọ́, ó máa ń yọ́ wọlé fún ọdún méjì, mẹ́ta ni. Eléyìí máa ń ní ọjọ́. Ó sì máa ń lọ, á tún padà dé: láàárọ̀ orí rẹ̀ pé, lọ́sàn-án ó dàrú."

Nọ́ọ̀sì ti ń so dírípù mọ́ Bàbá lọ́wọ́, wọ́n sì ti fi afẹ́fẹ́ sí i nímú. Ràhímù rẹ ohùn sílẹ̀. "Dókítà, ohun tí ẹni tó wà nípò yìí bá sọ, ṣé irọ́ ni gbogbo rẹ̀?"

"Rárá o. Ó ń rí ohun tí kò sí, ó sì ń rí ohun tó wà. Inú ìkòkò kan náà ló ń da méjèèjì sí." Ó nu ọwọ́. "Ṣíṣà á sọ́tọ̀, iṣẹ́ yín nìyẹn. Èmi, kí ó má kú ni tèmi. Ẹ̀rí kankan ò sì sí pé kò ní kú."

*

Agatha, àkọ́bí Bàbá, ló ṣí ilẹ̀kùn fún un ní Ubeji. Ó ń se oúnjẹ ní búkà àwọn òṣìṣẹ́ kan ní Ekpan, ìdájí ló máa ń kúrò nílé. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ó ti jáde kí ilẹ̀ tó mọ́.

"Ọ̀gá, bàbá mi ò lè pa eṣinṣin," ni ó wí, omi ń já bọ́ lójú rẹ̀. "Wọ́n ti fi nǹkan ṣe é ni. Ọjọ́ Àbámẹ́ta, Ìyá Marvellous gbé ọbẹ̀ ata ẹja wá fún un. Lọ́jọ́ kejì ló bẹ̀rẹ̀."

Ìyá Marvellous ni obìnrin tó ń yan ẹja ní ilé kejì sí wọn. Mojọlá ni orúkọ rẹ̀ gan-an. Ó ti gbọ́ láti ojú fèrèsé rẹ̀, ó yọ sí wọn pẹ̀lú èéfín lára aṣọ.

"Agatha! Èmi? Ìkòkò kan náà ni èmi àtàwọn ọmọ mi jẹ. Ìwọ gan-an jẹ níbẹ̀, o tún ní kí n bu kún un!"

Agatha wolẹ̀. Òótọ́ ni.

Yàrá Bàbá kéré, ó mọ́, ibùsùn rẹ̀ wà lábẹ́ fèrèsé tó kọjú sí omi. Lábẹ́ ìrọ̀rí ni Ràhímù ti rí ọ̀rá kékeré kan tí hóró oògùn funfun mẹ́ta kù nínú rẹ̀. Kò sí orúkọ lára rẹ̀. Ó gbé e sókè.

Agatha na ọwọ́ sí i bí ẹni fẹ́ gbà á. "Oògùn orun ni. Kẹ́míìsì ló fún mi."

"Ìgbà wo?"

"Alẹ́ ọjọ́ Ajé. Kẹ́míìsì wá wò ó nírọ̀lẹ́, ó fọwọ́ kàn án, ó ní ara rẹ̀ ò gbóná, kì í ṣe màláríà, pé kí n jẹ́ kó sùn. Bàbá ń pariwo, ó ní àwọn ọmọ wà lára ògiri. Mo fún un ní méjì. Ọ̀gá, mo níṣẹ́ láàárọ̀…"  "Ṣé èmi ni mo ṣe é?"

 Fún ìgbà díẹ̀, Ràhímù náà rò bẹ́ẹ̀. Ọmọ tí bàbá rẹ̀ sú, tó ń kó oògùn tí kò lórúkọ bọ̀ ọ́ lẹ́nu: irú rẹ̀ ti kọjá lọ́wọ́ òun rí. Ó yí ojú kúrò lára rẹ̀, ó sì rí àwọ̀n.

Orí ìṣó ni àwọ̀n náà wà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Agatha ní kò sí ọjọ́ kan tí Bàbá kì í tún un ṣe. Tó bá ṣíwọ́ lójúmọ́, á so àkísà tínínrín mọ́ ibi tó bá a dé. Ràhímù fa àwọ̀n náà sínú ìmọ́lẹ̀. Ó tẹ̀ lé àkísà kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ìka, Agatha ń dárúkọ ọjọ́ wọn. Títí dé àkísà ọjọ́ Àbámẹ́ta, ojú àwọ̀n náà dọ́gba, kókó rẹ̀ le bí òkúta. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, kókó ti bẹ̀rẹ̀ sí í tú, ojú kan tóbi, ìkejì kéré. Ti ọjọ́ Ajé, wúruwùru ni. Okùn kàn dì mọ́ okùn ni. Lẹ́yìn ìyẹn, kò sí nǹkan kan mọ́.

Ó ní ọjọ́. Ohun tí dókítà ní kó wá nìyí.

"Ọjọ́ Àìkú ló bẹ̀rẹ̀," ni ó sọ. "Oògùn alẹ́ Ajé kò lè ba àwọ̀n ọjọ́ Àìkú jẹ́. Kì í ṣe ìwọ lo dá àìsàn náà sílẹ̀. Ṣùgbọ́n kò dáa bí o ṣe fún un. Dókítà yóò bá ẹ sọ̀rọ̀ lórí ìyẹn. Ó ṣubú lọ́jọ́ Àìkú?"

Agatha yíjú sí i. "Ẹ̀ẹ̀kan ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹ̀ẹ̀kan nílé. Báwo lẹ ṣe mọ̀?"

"Ọjọ́ Ajé ńkọ́, ó lè rìn?"

Ìyá Marvellous ló dáhùn. "Rìn kẹ̀? Èmi àti Agatha la gbé e lọ sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́. Ife omi gan-an, kò lè dì í mú."

Ràhímù jáde, ó ń ka ìṣísẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà dé èbúté. Mọ́kàndínlọ́gọ́rin, ilẹ̀ náà ń yọ̀, ó sì dagun. Ẹni tí kò lè di ife mú ni wọ́n ní ó rin ibí yìí, tó gbé àjẹ̀ sókè, tó sì fi lu ọkùnrin ẹni ọgbọ̀n ọdún pa.

Ó padà wọlé. "Ta ló máa ń wa ọkọ̀ yìí?"

"Gbémiga àti Gòkè," ni Agatha wí. "Ọjọ́ Àbámẹ́ta ni Bàbá pè wá jọ, ó ní láti ìsinsìnyí lọ, Gbémiga ni olórí ọkọ̀, kí Gòkè máa tẹ̀ lé e. Gòkè ò bínú o. Ó rẹ́rìn-ín."

"Ó rẹ́rìn-ín," ni Ràhímù tún sọ. Ó yíjú sí obìnrin kejì. "Ìyá Marvellous, ìdájí ọjọ́ Ìṣẹ́gun, níbo lẹ wà?"

Obìnrin náà bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìbòrí nu ojú, bẹ́ẹ̀ ni kò sí òógùn lójú rẹ̀.

"Ìdí iná ẹja mi ni mo wà."

"Kí lẹ gbọ́?"

"Kò sí nǹkan."

"Ìyá Marvellous."

Ó na ìka sí fèrèsé. "Bàbá ń ké láti ojú fèrèsé yìí. Ó ní, 'Gòkè, ó tó! Má lù ú mọ́!' Ẹ̀ẹ̀mẹta. Ọ̀gá, láti àárọ̀ ọjọ́ Ajé ló ti ń ké. Ó bá ògiri jà, ó bá òkú ìyàwó rẹ̀ sọ̀rọ̀. Mo ní àìsàn yẹn náà ni. Mo yí ẹja mi." Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lójijì. "Mo kàn ń yí ẹja mi ni."

*

"Enoch," ni Ràhímù wí nígbà tó padà dé àgọ́, "order dey say make una record any confession. You record this one?"

"I record am for phone now. But na Yoruba full inside."

"Who don listen to am?"

"Oga, you no dey around. Who go hear?"

Ràhímù gba fóònù náà, ó wọ yàrá ẹ̀yìn, ó ti ilẹ̀kùn. Ìṣẹ́jú mọ́kànlá ni. Nígbà tó parí, ó jáde. Ó lọ bu omi bọ́jú, lẹ́yìn náà ó lọ kan ilẹ̀kùn ọ̀gá àgọ́.

Wọ́n pe Gòkè wọlé. Ràhímù fi àga lọ̀ ọ́, ó ṣe ohùn rẹ̀ jẹ́jẹ́. Ó ní àwọn fẹ́ kó tún ọ̀rọ̀ náà túmọ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i níwájú Madam, kí ilé ẹjọ́ má bàa rí àléébù kankan nínú rẹ̀. Gòkè ní kò burú. Ó tilẹ̀ tún ọrùn ẹ̀wù rẹ̀ ṣe.

Ràhímù tẹ fóònù. Ohùn Enoch jáde: "Ask am whether na him kill him pikin." Lẹ́yìn náà ni ohùn Gòkè, ní Yorùbá, jẹ́jẹ́: "Bàbá, ṣé ẹ fẹ́ mu omi?" Ohùn arúgbó náà, bí èémí: "Bẹ́ẹ̀ ni."

Ràhímù dá a dúró. "Wetin he talk?"

"He say yes. Na him kill am."

Ràhímù kọ ọ́ sílẹ̀. Ó tún tẹ fóònù. Bàbá ló ń ké báyìí, ohùn rẹ̀ ya, àga kan ṣubú: "Gòkè, ó tó! Má lù ú mọ́! Ẹ̀jẹ̀ ti bò ó lójú! Gbémiga, di ọkọ̀ mú!"

"And this one?"

Gòkè wo fóònù náà. "He say… he say blood cover Gbémiga face. Say na there he push am. After that one he tell me where he throway the paddle, but e be like phone no catch that side."

"E no catch am true true," ni Ràhímù wí. Ó kọ ìyẹn náà sílẹ̀. Ó dé bírò, ó gbé e sórí ìwé. Ó wá gbójú sókè, Yorùbá ilé bàbá rẹ̀ ló sì fi sọ̀rọ̀.

"Gòkè, omi tí o ní Bàbá fẹ́ mu dà? Ṣé wọ́n bu ú fún un?"

 Ọwọ́ Gòkè dúró síbi ọrùn ẹ̀wù rẹ̀.

"Ẹ… ẹ gbọ́ Yorùbá?"

"Mo gbọ́ ọ. Ìyá Marvellous náà gbọ́ ọ ní ìdájí ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Ohun tí Bàbá ké lójú fèrèsé lọ́jọ́ náà ló tún ké níbí níwájú Enoch, ọ̀rọ̀ kan kò yàtọ̀. Àwọn ọmọ orí ògiri ń pa dà lójú rẹ̀ láti wákàtí dé wákàtí. Eléyìí kò pa dà. Àìsàn kọ́ ló rí yẹn. Ojú rẹ̀ ló rí i."

"Wetin you tell am?" ni ọ̀gá àgọ́ béèrè. Ràhímù túmọ̀ gbogbo rẹ̀ fún un, láìfi ọ̀rọ̀ kan ṣòfò. Ó ní tí Bàbá kò bá mọ ibi tí àjẹ̀ wà, tí kò sì sí ẹni tó gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀, ẹni tó sọ ibẹ̀ fún Enoch ló jù ú síbẹ̀.

Èjìká Gòkè tó fẹ̀ yẹn rọ̀ bí aṣọ tí a rẹ sómi. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀, orí rẹ̀ wà nílẹ̀. Ó ní Gbémiga ló ní kí òun jókòó sẹ́yìn ọkọ̀. Ó ní ogún ọdún lòun ti ń wa ọkọ̀ yẹn. Ó ní ẹ̀ẹ̀kan lòun fẹ́ lù ú.

"Àmọ́ Bàbá kò yéé ké orúkọ mi," ni ó wí. "Gbogbo ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Mo mọ̀ pé ẹnìkan á padà fetí sí i. Mo wá rò pé tó bá jẹ́ níbi tí wọn ò ti gbọ́ Yorùbá ló ti ké e…"

 Òun fúnra rẹ̀ ló fi ibi tí omi gbé Gbémiga gbà hàn wọ́n. Àwọn apẹja rí òkú náà ní ọ̀sán ọjọ́ kejì.

*

Ó tó ọjọ́ mẹ́fà kí orí Bàbá Ọlágbénró tó pé padà. Ní àárọ̀ ọjọ́ náà ó jókòó, ó mu ògì, ó béèrè lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì pé ta ló bọ́ ṣòkòtò òun. Nígbà tí Ràhímù wọlé, Agatha wà lẹ́nu ọ̀nà, kò lè wọ inú yàrá.

"Mi ò tíì sọ fún un," ni ó wí. "Ẹnu mi ò gbà á. Ó ń bi mí léèrè Gbémiga ṣáá."

Ràhímù wọlé, ó dọ̀bálẹ̀ díẹ̀, ó jókòó. Arúgbó náà wò ó dáadáa. Kò mọ̀ ọ́n. Ohun tó rántí kẹ́yìn ni orin tí wọ́n ń kọ ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Àìkú.

"Bàbá, ọlọ́pàá ni mí."

"Ta ló ṣe kí ni?"

Ràhímù sọ ọ́ fún un. Kò fà á gùn, kò gé e kúrú. Nígbà tó dárúkọ Gòkè, Bàbá di ojú. Ọwọ́ rẹ̀ wà lórí aṣọ ìbora, kò mì rárá.

"Níbo lèmi wà?"

"Ojú fèrèsé. Òtútù àyà ti dá yín dúbúlẹ̀. Ẹ ò lè dìde, ṣùgbọ́n ẹ ké sí i pé kó má lù ú mọ́. Ẹ̀ẹ̀mẹta."

"Ẹnikẹ́ni gbọ́?"

"Wọ́n gbọ́, Bàbá."

"Kí ló dé tí wọn ò wá?"

Ràhímù ti bi ọ̀pọ̀ èèyàn ní ìbéèrè láti ọdún méjìlélógún, ó sì mọ bí ìdáhùn ṣe ń ṣòro. Kò tíì ṣòro tó báyìí rí.

"Wọ́n rò pé àìsàn ló ń sọ̀rọ̀."

Bàbá Ọlágbénró mí kanlẹ̀. Èémí náà lọ geere, kò já, kò sáré. Ó pẹ́ tó fi wo omi dírípù tó ń kán, ẹyọ kọ̀ọ̀kan, ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn náà ó ká aṣọ ìbora kúrò lára, ó sọ ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì tó ti gbẹ kalẹ̀ lẹ́bàá ibùsùn, ó sì na ọwọ́ sí ọlọ́pàá náà.

"Gbé mi dìde," ni ó wí. "Mi ò tíì sin ọmọ mi."